Géèjì Tó Lé Mi Kúrò Níwájú Ọkọ̀

Fọlákẹ́mi, Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ọlọ́run tó ń jí wa láàárọ̀ yóò máa jí ẹ̀yin náà ní Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ẹni tó bá wá ra páàtì ọkọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ yóò ra méjì, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á láwìn kò ní mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àmín. Àlàáfíà la wà nínú ulé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kí ọ, ewúrẹ́ tí o fún mi ti bímọ, òjò náà sì ń gbìyànjú lórí kòkó. Awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn ni mo fi lẹ́tà yìí rán nítorí fóònù kò ṣeé lò fún irú ọ̀rọ̀ yìí, bàbá rẹ máa ń gbé e sí èyí tí gbogbo ulé fi ń gbọ́, ẹjọ́ rẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ rò fún ọ.

Àwọn géèjì mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi sínú píkọ́ọ̀pù ni. A dúpẹ́ o, wọ́n dára lójú. Mo mọ̀ pé nítorí ẹ́ńjìnnì tó jó lọ́dún tó kọjá lo ṣe fi wọ́n ránṣẹ́, o sì ti sọ ọ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni o máa rà kẹ́yìn, bàbá rẹ kò gbàgbé, ẹ́ńjìnnì ló fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà àárọ̀ kó tó kan àwọn ọmọ. Pius rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá gáréèjì ló wá fi wọ́n sí i. Ó gbé dírílì ti dáṣíbọ́ọ̀dù, bàbá rẹ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni pé eyín rẹ̀ ni wọ́n ń lu. Ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí apá ọ̀dọ̀ mi, níbi tí mo máa ń gbé Bíbélì àti omi mímu mi sí, mi ò bínú, mo gbé Bíbélì sórí itan. Ó ní ọ̀kan ń wo ọ́ìlì, ọ̀kan ń wo bátìrì, èyí tó ní àmì pupa ń wo ooru. Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí wọ́n fi pè é láti Adó, ló bá kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, kò sọ ooru ta ni.

Èmi àti bàbá rẹ jókòó, a rò ó dáadáa. Ó ní ẹ́ńjìnnì wà níta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, bó bá jẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì ni géèjì fẹ́ wò, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọn ì bá kàn án mọ́, kí ló wá ń ṣe nínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwa. Mo ní òótọ́ ni. Èmi náà sì fi ojú mi rí i pé abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wáyà rẹ̀ gbà kọjá. A gbà pé irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sábẹ́ abíyá ni, àfi pé tiwa ní iná nínú.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà Ìkẹ́rẹ́. A kó uṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú, a gbéra ní Ìṣẹ́, nígbà tí a dé òkè tó wà kí èèyàn tó wọ Ìkẹ́rẹ́, bàbá rẹ tẹ iná mọ́ ọkọ̀ bó ti máa ń ṣe, mo bá ní ṣé wọ́n ń lé wa ni. O mọ̀ mí, mi kì í pariwo, mo kàn máa ń sọ ọ́ lọ ni. Bí mo ti ń sọ ọ́, abẹ́rẹ́ géèjì ń gòkè. Mo rán an létí ìgbà tó kó wa sí kòtò, abẹ́rẹ́ tún gòkè sí i. Bàbá rẹ nawọ́ sí i, ó ní kí n wo ohun tí ẹnu mi ń ṣe sí ọkọ̀ ọmọ òun. Mo dákẹ́. Nígbà tí a gun òkè náà tán tí a ń sọ̀kalẹ̀ lódì kejì, abẹ́rẹ́ ti padà sílẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mi ò jẹ ata láàárọ̀, mo fi omi tútù wẹ̀, mo wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo mu parasitamọ́ọ̀ kí n tó jáde, síbẹ̀, nígbà tí a dé òkè yẹn ó tún gbóná. Mo gba ọsibítù lọ, nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ sí mi lábíyá, ó ní ara mi tutù, kí n máa lọ sí ulé. Mo sọ fún bàbá rẹ, ó ní kí ni ti nọ́ọ̀sì mọ̀, ṣé ó ní iná ni. Bó ṣe ní kí n bọ́ sẹ́yìn nìyẹn, kí n máa jókòó ti uṣu, kí ẹ́ńjìnnì ọmọ òun má bàa jó. Abẹ́rẹ́ ṣì ń gòkè bí mo ti wà lẹ́yìn, ó ní ooru mi ló ń ti ibẹ̀ wọlé.

Ti Ìyá Tóyìn aládùúgbò wa ló wá dùn mí jù. Bàbá rẹ gbé e láti Emùré lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ ṣófo, ó jókòó sí àyè mi pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi yẹn, abẹ́rẹ́ kò mì rárá. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun kò mọ̀ pé ara òun tutù tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún nígbà tí mo dé ulé. Lóko, bàbá rẹ á wà lápá òkè, èmi á wà lápá ìsàlẹ̀, nínú ulé rédíò ló ń gbọ́, iwájú ọkọ̀ yẹn nìkan ni èmi àti ọkọ mi ti ń jókòó pa pọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan inú bí mi, mo ní mi ò lọ. Ó dá kó uṣu lọ. Ó dé òkè, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ gòkè títí ó fi kan pupa. Ṣé o mọ ohun tí bàbá rẹ ṣe? Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ tú tapólì ẹ̀yìn, ó ń wá mi láàárín uṣu, ó ń pe Ìyá Fọlákẹ́mi, Ìyá Fọlákẹ́mi. Ó rò pé mo sá pamọ́ síbẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọjá lọ bi í pé kí ló sọnù, ó ní ìyàwó òun, wọ́n bá a kó gbogbo uṣu sílẹ̀, wọn ò rí ìyàwó. Kí wọ́n tó kó o padà tán, abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀.

Nígbà tí Pius wá wo ọkọ̀, ó ní dídúró tó dúró wá mi yẹn ló gba ẹ́ńjìnnì là. Ó ní ooru ẹ́ńjìnnì ni géèjì ń wò, pé rédíétọ̀ tó ń fi omi mú un tutù ló dí, bí ẹrù bá wúwo tí a sì ń gun òkè ló ń gbóná, kò kàn mí rárá. Mo gbọ́. Àmọ́ mo bi bàbá rẹ ohun tó ń rò lọ́kàn nígbà tí abẹ́rẹ́ kan pupa, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun kàn rí i pé inú ọkọ̀ dákẹ́ jù. Pius mọ wáyà, kò mọ bàbá rẹ.

Mo ti padà sí àyè mi. Pius ní títí a ó fi rí rédíétọ̀ mìíràn, bí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ pupa, kí a dúró kí ọkọ̀ tutù, nǹkan kan kò ní ṣe ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà bí a bá ti gun òkè dé ìdajì, bàbá rẹ á yà sábẹ́ igi, á pa ọkọ̀, á tẹ́ àpò sílẹ̀ fún mi. Mo máa ń di bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà dání. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fún mi bí ẹ̀rù bàbá mi ṣe ń bà á nígbà tó ń wá mi bọ̀ ní ulé wa, ọ̀rọ̀ tí kò sọ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ó bó ẹ̀pà fún mi. Bàbá rẹ yìí náà ni, tí mo bá ní kó dúró kí n tọ̀ tẹ́lẹ̀, á ní Ìkẹ́rẹ́ ò jìnnà mọ́.

Ó ní kí n sọ fún ọ kí o fi rédíétọ̀ ránṣẹ́ kíákíá tàbí kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, mo ti jíṣẹ́. Owó oògùn kòkó ni kí o kọ́kọ́ wá fún wa, àti ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, ìyẹn ni kó yá. Ti rédíétọ̀, ọmọ mi, má kánjú.

Ọlọ́run yóò pa ìwọ àti àwọn ọmọ mọ́, ẹ kò ní ṣàìsàn, ẹ kò ní ṣòfò. Kí Ọlọ́run fún ìwọ àti ọkọ rẹ náà ní rédíétọ̀ tó dí díẹ̀. Má pè é ní èpè, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mojísọ́lá