Ilé Keje Tí Wọ́n Fẹ́ Kọ́ Lé Olú Wa Lórí

Kábà,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 1957.

Bíọ́lá ọmọ mi,

Òkun o, òkun iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Philip ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé ọmọ ti ń rìn? Bí ẹ bá béèrè wa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, àfi orúnkún bàbá yín tí ó ń ké bí ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n bá ń dìde. Ọlọ́run tí ó gbé yín dé Kàdúná kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àmín.

Má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí yà ọ́ lẹ́nu. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mo ti parí ìwé kìíní ní ilé ìwé àgbà, mo sì lè kọ ohun gbogbo tí ẹnu mi bá lè sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà John tí ó máa ń bá wa kọ lẹ́tà sí ọ ní kí n wá kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ olú wà nínú rẹ̀.

Igbó tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, láti ìdí igi igbá tí a ti ń mú irú títí dé etí odò, ìjọba ti gbà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé méjìlá síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni awọnlẹ̀ dé, Ọ̀gbẹ́ni James ni wọ́n ń pè é. Òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ mú ṣéènì gígùn kan dání, wọ́n ń wọ́ ọ kiri inú igbó. Mo rò pé ẹranko kan ló já mọ́ wọn lọ́wọ́, mo sì ti bá wọn wo ẹ̀yìn ọgbà wa dáadáa kí n tó ráyè béèrè irú ẹranko tí ó jẹ́.

O mọ̀ mí, n kò lè rí nǹkan kí n má yọjú sí i. Awọnlẹ̀ yìí ní ẹ̀rọ kan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ojú kan ṣoṣo. Á di ojú rẹ̀ kan, á fi èkejì wo inú ẹ̀rọ náà, á sì máa juwọ́ sí ẹni tí ó di ọ̀pá mú lọ́hùn-ún. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹta ó ní kí n wá wò ó. Bíọ́lá, gbogbo igbó dorí kodò! Igi òrí so rọ̀ láti òkè bí àdán, Ìyá Lájídé tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ń fi orí rìn, igi ìdáná tí ó rù kò sì jábọ́. Mo yọ ojú, ohun gbogbo wà bí ó ṣe wà. Mo tún fi ojú sí i, ó tún dorí kodò. Ó wá yé mi. Mo sọ fún un pé ibi tí àṣìṣe ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, pé ẹni tí ó bá wo igbó wa báyìí, á rò pé ibẹ̀ ṣófo, torí ojú ọ̀run ló wà nísàlẹ̀. Mo ní kí ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà, kí ó tún un wò, kí ó sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn kò rí i dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní bí dígí inú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, pé àwọn máa ń tún un ṣe lórí ìwé.

Mo ní kí ó fi ìwé náà hàn mí. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Ó fa ìlà sí i, ó kọ nọ́ńbà sí i láti ení dé èjìlá, ṣùgbọ́n kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo bi í pé igi dà. Ó ní àwọn kì í ya ohun tí àwọn máa gé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó tún ní bí wọ́n bá gé igi tán, tí wọ́n hú koríko kúrò, wọn yóò gbin koríko mìíràn síwájú ilé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa san owó oṣù fún ẹni tí yóò máa gé e. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Kàdúná? Kí ni koríko àkọ́kọ́ ṣe? Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná yóò wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá yín ní irọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ilé keje bọ́ sórí ibi tí olú wa tí a fi ń se ọbẹ̀ ti máa ń hù gẹ́lẹ́. O jẹ olú yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tí mo ti ń mú un wá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, bàbá yín pàápàá. Ìyá mi ló fi hàn mí ní ìdájí ọjọ́ kan, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe fi han òun. Ogún ọdún ni Ìyá Lájídé ti ń ṣọ́ mi, tí ó ń ṣe bí ẹni ń já ewé. Nígbà ìgbéyàwó tìrẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sí ohun tí mo lè fi hàn ọ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, mo ní kí òjò dé ná. Kí òjò tó dé, Philip ti mú ọ lọ. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, akọ̀wé kan gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ní kí olúkúlùkù wá sọ ohun tí ó ní nínú igbó náà, kí ìjọba lè san nǹkan lé e lórí. Bàbá yín ka ọ̀pẹ mẹ́rin àti igi igbá. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní mo ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní kí ni. Mo ní n kò lè dárúkọ rẹ̀, torí Ìyá Lájídé wà lẹ́yìn mi, ó na etí. Ó ní ṣé igi ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé èmi ni mo gbìn ín. Mo ní ó ń hù fúnra rẹ̀. Ó ní ó dà. Mo ní kò tíì dé, òjò ló ń mú un wá. Ó wò mí títí, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan síwájú orúkọ mi, lẹ́tà mẹ́ta péré, mo sì kà á fúnra mi: N, I, L. Inú mi dùn pé ó bá mi pa á mọ́ láṣìírí. Bá mi bi Philip iye tí ìjọba máa ń san lórí rẹ̀.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ṣebí iṣẹ́ ìjọba ni Philip ń ṣe. Kí ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun wá sí Kábà, kí wọ́n sì fún òun ní ilé keje, kì í ṣe ẹ̀kẹfà, kì í ṣe ẹ̀kẹjọ. Awọnlẹ̀ ní sìmẹ́ńtì ni wọn yóò dà sí gbogbo yàrá. Kí Philip bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi igun kan sílẹ̀ láì dà á, kí ó fẹ̀ tó ẹní ọmọdé. Bí òjò bá ti rọ̀, o kàn máa ká ẹní kúrò láàárọ̀ ni, Ìyá Lájídé kò sì lè wọ yàrá rẹ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Lánàá, mo jókòó láti kọ ọ̀nà ibẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, pé láti ìdí igi òrí tí ó yà sí méjì, kí o kọjú sí ìrókò, kí o yà sọ́wọ́ òsì níbi tí òjìji àràbà ti bò ọ́. Nígbà tí mo kà á padà, mo rí i pé igi ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti gé igi òrí náà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti kun ọ̀dà pupa sára ìrókò. Mo pa á rẹ́. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló kù tí ó mọ ọ̀nà náà.

Mo fẹ́ kí o wá owó fún mi o, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ ní póṣítà ọ́dà nílé ìfìwéránṣẹ́. Fi owó náà wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin, kí o fi ìyókù wọ lọ́rì wá bá mi ní oṣù kẹfà, ìwọ àti ọmọ. Wọ́n ní àwọn kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí òjò ọdún yìí yóò fi lọ, nítorí náà, ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí a lè jọ lọ.

Bí o kò bá ráyè wá, tètè kọ̀wé sí mi, n kò ní bínú. Ìyá Lájídé ni n ó mú lọ. Kò yẹ kí ó jẹ́ èmi nìkan ni n ó mọ ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín. Òjò tí ń bọ̀ yóò bá wa láyè, yóò sì bá ọ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha.