Ìyá Eléèéfín Ń Wúkọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Àǹkù Lazarus ti Àjàgbà dé, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé ẹ̀rọ ìgékoríko Bàbá Àgbà lọ. Àfi tó bá lè gé koríko kí wọ́n tó dé. Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ Ìyá Eléèéfín tèmi! Ó dàgbà ju Àǹkù fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kéré, òun ló ń jí gbogbo Erinje láàárọ̀ Àbámẹ́ta — bí ẹ̀fọn tó tóbi tó màlúù. Ìyá Àgbà á máa wúkọ́ nínú èéfín, á máa bú u, á sì tún gbé omi tútù wá fún Bàbá Àgbà.

Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, Bàbá kì í sọ ju "ẹ ṣé" lọ. Tí ẹ̀rọ náà bá tún lọ ńkọ́? Mi ò gbà.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo fa okùn rẹ̀ títí apá mi fi gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ. Kò dáhùn.

Ọjọ́rú, 6

Joel ilé kejì, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe, wá bá mi tú u. Ìyá Eléèéfín ò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú pẹtiróòlù ni wọ́n ń pò ó mọ́, bíi ti jẹnẹ kékeré. Abájọ tí Bàbá fi ń tì í lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀bá gọ́tà tí kì í dákú. Ẹ̀rọ ìgékoríko tuntun ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Tó bá ti fì díẹ̀, ó kú nìyẹn.

Ihò tí èéfín ń gbà wọ sàláńsà, páìpù tó ń tú u síta, ti dí. Èédú inú rẹ̀ á tó dáná ro pupuru fún gbogbo Okitipupa.

Joel ní ṣé ọwọ́ tí kì í fọ abọ́ yìí náà ló máa gbẹ́ ẹ. Mo gbẹ́ ẹ. Ṣíbí Àǹkù ni mo lò.

Ẹtì, 8

Pulọ́ọ̀gì ń ṣáná. Pẹtiróòlù wà. Ọ́ìlì ò sí — Joel ti lọ sí ìlú Òde-Ayé, òjò ò sì jẹ́ kí n dé ibì kankan. Mo wo yàrá ẹ̀yìn: kẹ́ẹ̀gì epo pupa, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ṣebí ohun tó ń yọ̀ ni wọ́n ń fẹ́?

Mo bù ú sí i.

Àbámẹ́ta, 9

Ó ké! Ẹ̀fọn mi! Èéfín funfun bo àdúgbò, ó ń ta sánsán bí ẹni pé àwọn áńgẹ́lì ń dín àkàrà. Mo gé ìlà kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú oórì Ìyá Àgbà. Ibẹ̀ ló ti wúkọ́, tó dákẹ́.

Mọ́tò àwọn oníirin ti dé. Àǹkù ní kí wọ́n gbé e, pé ó ti dágbére.

Ni Bàbá Àgbà bá jáde, tó ń fi imú tọ èéfín náà. Ó ti ìka bọ ẹnu táńkì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ehín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ̀ yọ síta. Ó wò mí.

"Tinúọlá, o tún ti da epo pupa sí i? Bó o ṣe ṣe é lọ́dún tí ọ́ìlì wọ́n yẹn?"

Orúkọ Ìyá Àgbà nìyẹn.

Àǹkù juwọ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Àwọn oníirin wọ mọ́tò wọn padà. Bàbá jókòó sínú koríko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní kí n mú kẹrosíìnì wá, ká fọ inú rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Mi ò sọ orúkọ mi fún un.