Ó Tó

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà
Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi — inú mi ń dùn. Ó wá ku afẹ́fẹ́ tó kó sínú rẹ̀. Bí kò bá jáde, bíréèkì ò ní mú. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, ìyàwó mi (Ọ̀gá Ẹsẹ̀ ni n ó máa pè é níbí títí inú mi yóò fi rọ̀) jókòó sókè, ó ń tẹ pẹ́dà. Mo ní tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí táyà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ọ́ìlì bíréèkì jáde. Mo ní ó tó, mo dé e padà. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Pẹ́dà ṣì ń rì wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Mo ní kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ó ní kí n máa dá a tẹ̀ nìyẹn, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìyá ìyàwó mi pè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má háyà takisí, pé n ó gbé wọn. Ẹnu mi yìí náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ṣọ́ọ̀bù onírin iṣẹ́. Oríṣi méjì irinṣẹ́ tó ń yọ afẹ́fẹ́ ló wà: èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù, tó ń fa ọ́ìlì láti ìdí táyà, àti ìgò tó ń ti ọ́ìlì láti òkè. Nínú méjèèjì, ẹnì kan tó iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó gan-an nìyẹn. Mo mú èyí tó ń fà.

Mo fà, mo fà. Ìfófòó inú rọ́bà tí mo fi so ó mọ́ nọ́ọ̀tì ò tán. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà gba ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá Ẹsẹ̀ kọjá, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Mo mọ irú ẹ kú iṣẹ́ yẹn.

Ọjọ́rú, 12
Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ra èyí tó ń tì. Oníṣọ́ọ̀bù ní ìdérí rẹ̀, tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu ike ọ́ìlì bíréèkì, bá gbogbo ọkọ̀ mu. Gbogbo ọkọ̀ àfi tèmi. Mo pọ́ǹpù díẹ̀, ọ́ìlì tú yàà lábẹ́ ìdérí, ó dà sára ọkọ̀. Kí n tó bu omi dé, ọ̀dà ti ń bó. Mo bú ìgò, mo bú oníṣọ́ọ̀bù, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí ọkọ̀ máa dúró.

Ìdérí tó bá tèmi mu, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀túnla ni iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo lọ bẹ Ọ̀gá Ẹsẹ̀. Ó ń ká aṣọ, kò wojú mi. Nígbà tó yá ló bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní ó tó, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ní kó fi ẹsẹ̀ mú un síbẹ̀, kó má gbé e títí n ó fi dé nọ́ọ̀tì padà.

"Ó tó kẹ̀? Tí mo bá ń bu omi fún yín, tẹ́ ẹ ní ó tó, ṣebí mo máa gbé jọ́ọ̀gì kúrò ni."

Mo jókòó. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo ní ó tó lọ́jọ́ Àìkú, ńṣe ló ń gbé ẹsẹ̀, tí nọ́ọ̀tì tó ṣí sílẹ̀ sì ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Inú bí mi, mi ò wá rí ẹni tí n ó bú.

A fẹnu kò: "dì í mú" àti "gbé e". Kí oòrùn tó wọ̀, pẹ́dà ti le koko. A wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Bíréèkì mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ọ̀gá Ẹsẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ni yóò wà á. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Màmá. Ní ìkòríta, oníkẹ̀kẹ́ kan ṣàdédé já síwájú wa. Ọkọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Màmá gbá apá mi mú, wọ́n ní ta ló tún bíréèkì yìí ṣe.

Mo ní, "Ọmọ yín ni."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

Ìyàwó mi ń wò mí nínú dígí. Mo ní èmi ni mò ń sọ pé ó tó.