Ẹni tó Wà ní Ìdí Ọkọ̀

Ìyá Faiz, ọ̀rẹ́ mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o, ẹnikẹ́ni ò bá mi kọ ọ́. Ìbàdàn tù mí lára. Ọmọ mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó.

Princess, ọmọ ọmọ mi, ń ka ìwé kan fún ìdánwò, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n jọ ń gba iṣẹ́ kiri oko màlúù olówó. Ọ̀kan lágbára, èkejì ló ń ronú fún un. Wọ́n ní àwọn ó ra ilẹ̀ tiwọn.

Mo bi í pé, "Èwo nínú wọn ló ń jókòó sí ìdí ọkọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá àgbà, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, màlúù ni!"

Mo ní irọ́ ni. Ẹni méjì tó bá jọ ń wá oúnjẹ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ọkọ̀ kó máa darí, bí mo ṣe ń darí tiwa nígbà tí èmi àti ìwọ jọ ń pẹja lójú òkun.

Ó ní, "Bí ẹni ìdí ọkọ̀ bá wá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kó máa kàwé ẹ̀ lọ.

Wọlé, ọmọ mi, sọ pé òkun ti dé ẹ̀yìn ilé tí a ti ń yan ẹja. Mo ní kó panu dé. Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún mi. Àjẹ̀ tí mo fi ń tukọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀. Má fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń darí ọkọ̀ fún ọ báyìí?

Bá mi kí Faiz, kí o kí gbogbo Araromi. Má bá mi kí òkun.

Èmi Moríkẹ́ ni.