Súìṣì Ńlá Dúró

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò



Láti ìgbà tí transfọ́mà kan ti jóná ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀gá wa. Ó ní kí súìṣì ńlá tó wà ní ibùdó iná wa máa gé iná lójú ẹsẹ̀. Bí wáyà bá já ládùúgbò kan ṣoṣo, gbogbo agbègbè Dansoman ló ń ṣókùnkùn, títí kan ilé ìgbẹ̀bí. Ìwà ojo!

Mo bá a jiyàn láàárọ̀ títí ó fi gbà. Mo yí súìṣì ńlá kó máa dúró díẹ̀, kí súìṣì kékeré tó wà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan lè kọ́kọ́ gé iná tirẹ̀. Àmọ́ tó bá dúró jù...

Ọ̀gá ní, "Tí transfọ́mà bá tún jó, Anago, ìwọ lo jó o."

Ni òjò bá dé. Mi ò lè jẹ banku tí ìyàwó mi gbé síwájú mi. Lójijì, òdìkejì títì ṣókùnkùn. Àwọn ọmọdé pariwo, "Dumsor! Iná ti lọ!" Iná tiwa ò lọ.

Mo pe Ràṣídì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Transfọ́mà ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Súìṣì ńlá dúró, kékeré ló gé iná."

Kò pẹ́ ni Àńtí tó ń ta kẹ́nkẹ́ lódìkejì kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní olórí burúkú wo ló pa iná àwọn nìkan?

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àńtí."

Ó ń ṣépè lọ. Lókè orí rẹ̀, lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí iná ilé ìgbẹ̀bí tó ń tàn.