Ilé Tí Ẹ̀rọ Ìránṣọ Rà

Èmi, Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìṣó-Ò-Tẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń sọ níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé orí mi pé, ojú mi ń ríran, inú sì ń bí mi gidigidi. Inú bíbí kì í ṣe wèrè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún adájọ́ pé mo ti ń ṣàrán, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

1. Ọmọbìnrin mi, púlọ́ńbà, ni kí ó pín ogún mi. Kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn kankan lọ́wọ́ àbúrò mi.

2. Àbúrò mi yìí ni mo fún ní bíírò tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ yá owó ní báńkì láti ra ilé kejì, wọ́n ní kí n mú onídùúró wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fọwọ́ sí i fún mi. Ó jókòó, ó mu ọtí mi, ó di bíírò náà mú, ó ní òun máa rò ó. Ọdún kọkàndínlógún rèé, ó ṣì ń rò ó. Báńkì kọ̀ mí. Ẹni tó ni ilé ló ṣàánú mi, tó ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Bàtà kan ṣoṣo ni mo wọ̀ títí mo fi san án tán.

3. Ilé kejì náà, oníyàrá mẹ́rin, di ti ọmọbìnrin mi. Kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lé ìyá oníbúrẹ́dì tó yá yàrá níbẹ̀ jáde láé: owó ilé ọdún méjì tó san sílẹ̀ ni mo fi kan òrùlé. Kí ó mú ajá mi pẹ̀lú. Ajá náà ti bu ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin mi yìí jẹ lẹ́ẹ̀mejì; ó mọ èèyàn.

4. Àkọ́bí mi, Ọ̀gá Oníkóòtù, ni mo fún ní ilé kẹta, alájà méjì tó fi ń yangàn kiri. Kí ó má tíì jó o. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, ó mú ìwé ilé àkọ́kọ́ lọ fi dógò lọ́dọ̀ olówó èlé, ó fi owó náà ra mọ́tò, ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà sínú àpòòwé mi. Ó gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe. Gọ́ọ̀mù igi ti gan mọ́ igun ojúlówó láti ọjọ́ tí mo gbà á. Èyí tí mo bá nínú àpòòwé ń dán bọ̀rọ́. Mo bá fi ilé kẹta yá owó ní báńkì, mo fi gba ìwé náà padà kí olówó èlé tó gba ilé. Ilé kẹta di tirẹ̀, tòun ti gbèsè ọdún mẹ́jọ orí rẹ̀. Ẹní da eérú leérú ń tọ̀.

5. Ó ku ilé àkọ́kọ́, àti ìyá àwọn ọmọ mi. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí àsansílẹ̀ ilé náà lè pé. Mo ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ ló máa ṣáájú nínú ìwé. Orúkọ tèmi nìkan ni mo kọ. Ìgbà kan péré ló bi mí léèrè, mo sì jágbe mọ́ ọn lójú àwọn ayálégbé. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Mo ti ń bínú sí i láti ọdún méjìlá, èmi tí mo jẹ̀bi.

N kò fún un ní ilé náà, mo dá a padà ni. Mo ti tún ìwé ṣe lóṣù tó kọjá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn tí mò ń gbé di yàrá rẹ̀, èmi di ayálégbé. Owó ilé oṣù yìí wà lórí tábìlì mi. Kí ó wá gbà á fúnra rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i: Káfíńtà Ìṣó-Ò-Tẹ̀
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹlẹ́rìí: Onífọṣọ ojúlé kejì, Akọ̀wé agbẹjọ́rò