Fiifi, Àyè Rẹ Ṣì Wà Lórí Okùn Àwọ̀n

Fiifi ọmọ ọmọ mi, tó o bá jí, fi ojú oorun yẹn kàwé yìí dáadáa. Jìtá tó o ta lálẹ́ àná ló jẹ́ kí oorun gbé ọ lọ láàárọ̀ Sátidé yìí tó yẹ ká jọ fa àwọ̀n.

Ebo, olórí àwọn afàwọ̀n létí òkun, ní, "Màmá, ọmọ yín tó ti ìlú Àkírà dé ò wá. Ẹ jẹ́ n fún ẹlòmíì láyè rẹ̀."

Mo ní, "Panu mọ́, Ebo! Èmi ń kọ́?"

Mo gbá okùn mú, mo dárin, "Òkun, gbé e wá o!" Gbogbo etí òkun gbè é.

Apẹ̀rẹ̀ ni mo sáré wá mú nílé tí mo fi kọ ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ; Ebo fúnra ẹ̀ ló ń bá wa di okùn mú. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá wà lórí okùn nígbà tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀ ló làyè, òun ló sì máa gba ẹja. Tètè máa bọ̀! Máa jẹ kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo rẹ, lọ́nà.

Ìwọ á fà á, èmi á kọrin, kò sẹ́ni tí ò ní gbẹ́ja relé lónìí.

Nana Araba